Ẹrù Abẹ́ Àtẹ̀gùn

Bí ẹ bá fẹ́ mọ irú ẹni tí Gudrun Häfele jẹ́, ọjọ́ Sátidé ni kí ẹ wá. Ilé wa tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, lókè odò Neckar, kò ní ẹni tí a ń san owó fún kó máa gbá a. Àwa tí a ń gbé inú rẹ̀ la ń gbá a, ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan sì ní ẹni tó ni ín. Pátákó kékeré kan wà tí wọ́n kọ “Ọ̀sẹ̀ Ìgbálẹ̀” sí lára. Ẹni tí wọ́n bá gbé e kọ́ sára ilẹ̀kùn rẹ̀ ló ni àtẹ̀gùn, òun ló ni ẹnu ọ̀nà, òun ló ni iwájú ilé títí dé etí títì, gbogbo rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ mọ́ kí ilẹ̀ Sátidé tó ṣú. Bàbá Schlotterbeck tó ń gbé lókè pátápátá á wá sọ̀ kalẹ̀, á fi ìka nu ọwọ́ àtẹ̀gùn tí a ń dì mú gòkè, á wo ìka náà. Bó bá mi orí pé ó mọ́, pátákó á kúrò lára ilẹ̀kùn rẹ, ó di ti ẹni tó kàn. Bí kò bá mi orí, o ò tíì ṣe nǹkan kan. Bí àwọn baba wa ṣe ń ṣe é ní Swabia, ní gúúsù Jámánì, nìyẹn. Ẹni tí kò bá tẹ́ lọ́rùn kó lọ máa gbé ní Hamburg.

Èmi Roswitha, mò ń gbálẹ̀ kí wọ́n má baà bú mi ni. Gudrun ń gbálẹ̀ bí ẹni tí àlejò ń bọ̀ wá bá láàárọ̀ ọ̀la. Búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín ló fi ń fọ igun àtẹ̀gùn. Lọ́dún tí ọkọ rẹ̀ kú, aṣọ fèrèsé gbogbo ilé ló tú fọ̀, tèmi náà wà níbẹ̀, kò sì bèèrè lọ́wọ́ mi. Obìnrin náà kì í lè jókòó. Bí mo bá ń bá a sọ̀rọ̀ lójú àtẹ̀gùn, ẹ̀yìn mi lojú rẹ̀ á máa wò, ó ń wá eruku. Mo fẹ́ràn rẹ̀ gan-an, ó sì máa ń bí mi nínú.

Ẹ má sọ pé ọkàn rẹ̀ le o. Lẹ́yìn Kérésìmesì, nígbà tí òtútù bá mú tán, ìjọ wa máa ń ti àga gígùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan nínú ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n á tẹ́ tábìlì sí àárín, ẹni tó bá wù á wá jẹun ọ̀sán. Adájọ́ ń wá, opó ń wá, ẹni tó sùn sábẹ́ afárá ń wá, tábìlì kan náà ni wọ́n ń jókòó sí. Gudrun ló ń bu oúnjẹ. Ó mọ ẹni tí kì í jẹ àlùbọ́sà, ó mọ ẹni tí eyín ń dùn, á sì fún un ní Maultaschen, ìyẹn ìyẹ̀fun tí a di ẹran sí nínú, tó ti rọ̀ dáadáa nínú omi ẹran. Ó máa ń sọ pé Jésù lòún ń bu oúnjẹ fún, òun ò sì gbọ́dọ̀ bu ú tutù.

Nínú gbogbo wọn, Volkmar ló wọ̀ ọ́ lọ́kàn jù. Ọkọ̀ akẹ́rù ni Volkmar ń wà tẹ́lẹ̀, títí lọ dé Portugal. Ẹ̀yìn rẹ̀ bàjẹ́, iṣẹ́ lọ, ìyàwó lọ, ilé náà tẹ̀ lé e. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n bó bá sọ ọ́, wàá rẹ́rìn-ín tàbí kí ojú tì ọ́. Gudrun hun fìlà òwú pupa kan fún un. Fìlà náà ò dára o, ó gùn jù, bọ́ọ̀lù òwú kan sì ń mì dirodiro lórí rẹ̀. Volkmar kì í sábà bọ́ ọ, kódà nínú ṣọ́ọ̀ṣì, Gudrun tó máa ń bá gbogbo ọkùnrin jà nítorí fìlà nínú ṣọ́ọ̀ṣì kò sì bá a wí rí.

Ohun tí Gudrun kò mọ̀, tí èmi náà kò mọ̀, ni pé ilé wa ni Volkmar ń sùn. Bí gbogbo wa bá ti wọlé tán, á wá sábẹ́ àtẹ̀gùn nísàlẹ̀, lẹ́yìn àwọn agolo ìdọ̀tí, á sùn. Kí ẹnikẹ́ni tó jí, á ti di ẹrù rẹ̀, á tì í sẹ́yìn agolo, á sì ti lọ.

Ó wá di ọjọ́ tí ọkọ̀ ìjọba ń wá kó àwọn ẹrù ńláńlá tí ẹnikẹ́ni ò fẹ́ mọ́. Lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀, gbogbo àdúgbò á gbé àga tó kán àti ibùsùn tó gbó sí etí títì. Ọ̀sẹ̀ Gudrun sì ni. Ó gbá abẹ́ àtẹ̀gùn, ó rí ẹrù kan tí wọ́n fi tapólì wé, tí wọ́n fi okùn dì. Ó ní ọ̀lẹ kan nínú ilé yìí ló ń dọ́gbọ́n, tí kò fẹ́ gbé ìdọ̀tí rẹ̀ jáde. Èmi ló ń rò, ó sọ bẹ́ẹ̀ fún mi lẹ́yìn náà. Ó fa ẹrù náà jáde fúnra rẹ̀, tòun ti ọjọ́ orí rẹ̀, ó sì bá àwọn òṣìṣẹ́ jù ú sínú ọkọ̀.

Mo ń gbé àga kan tó kán bọ̀ nísàlẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ náà pa ẹnu dé. Ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ bẹ̀rẹ̀, ó he nǹkan kan.

“Màmá, èyí jábọ́ nínú ẹrù yín.”

Fìlà pupa ni. Gudrun gbà á, ó yí i síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún. Ọkọ̀ lọ.

“Roswitha,” ó ní, “fìlà mi rèé.”

“Ẹ̀yin náà ń sọ fìlà nù?”

“Volkmar ni mo fún.” Ó wo títì, ó wo ẹnu ọ̀nà wa tó ń dán, ó tún wo fìlà. “Roswitha, Volkmar ló ni ẹrù yẹn.”

Mo ní kó má bẹ̀rù, bóyá ẹlòmíì ló gba fìlà náà lọ́wọ́ rẹ̀. Mi ò gba ọ̀rọ̀ náà gbọ́ bí mo ṣe ń sọ ọ́. Ó sáré wọlé, ó fi orúnkún balẹ̀ lẹ́yìn agolo, ó rí páálí tí wọ́n tẹ́ dáadáa mọ́ ara ògiri. Ẹni tó tẹ́ ẹ ti ṣe é tipẹ́.

Lọ́sàn-án, Volkmar kò wá jẹun. Gudrun ń bu oúnjẹ, ojú rẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà. Ó bu ẹ̀wà sórí àwo adájọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó gbàgbé àwo opó. Rédíò ti sọ pé òtútù tó ń bọ̀ lálẹ́ ọ̀la yóò sọ odò di yìnyín, pé kí a mú ajá wọlé. Ó gbé ṣíbí ìbuńjẹ lé mi lọ́wọ́, ó ní òun ń jáde.

“Ta ló fẹ́ bu oúnjẹ?” ni mo bi í.

“Ẹnikẹ́ni tó bá lọ́wọ́.”

Mo gbé ṣíbí náà fún adájọ́, mo tẹ̀ lé e.

A lọ sí ibùdókọ̀ ojú irin. A lọ sí ilé ìkàwé, níbi tí àwọn tí kò nílé ti máa ń yáná nídìí ẹ̀rọ tó ń mú ilé gbóná. A wo abẹ́ afárá méjèèjì. Gudrun ń rìn bí ẹni tí iná ń jó lẹ́yìn rẹ̀, kò jẹ́ kí n mí, àpò òwú tuntun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rà fún Volkmar láti máa wọ inú rẹ̀ sùn wà lábíyá rẹ̀. Bó bá rí ọkùnrin kan níwájú, á sáré lọ wo ojú rẹ̀. Àwọn kan bú u. Ó ń gbàdúrà bó ṣe ń rìn, kì í ṣe àdúrà tó lẹ́wà: “Olúwa, má jẹ́ kó kú. Olúwa, èmi ni. Má jẹ́ kó kú.”

Ọkùnrin kan tó ní ajá ló sọ fún wa níbùdókọ̀. “Volkmar? Ó padà lọ mú àpò ẹ̀ láàárọ̀ yìí, kò bá nǹkan kan. Ó ní ilẹ̀ yín ń dán, pé òun rí ojú òun nínú ẹ̀.”

Lálẹ́ ọjọ́ náà mo ń gbọ́ ẹsẹ̀ Gudrun láti yàrá mi, ó ń lọ, ó ń bọ̀. Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa ló ti kan ilẹ̀kùn mi.

Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù àga kan tó ti kógbá wọlé la ti rí i, níbi tí ọkọ̀ ti máa ń já ẹrù. Ó fi páálí wé ara rẹ̀, ètè rẹ̀ ti ń dúdú, ó sì ń wúkọ́ látinú ikùn. Ó rí wa, kò dìde.

“Màmá Häfele,” ó ní, “ẹ kú iṣẹ́. Ilẹ̀ yẹn mọ́.”

“Volkmar, mi ò mọ̀ pé tìẹ ni. Jésù ló gbọ́, mi ò mọ̀.”

“Mo mọ̀ pé ẹ ò mọ̀.” Ó wúkọ́. “Ká ní ẹ mọ̀ ńkọ́? Kí lẹ ò bá ṣe?”

Gudrun ń wá fìlà nínú àpò aṣọ rẹ̀. Èmi dá ara mi lóhùn nínú, ìdáhùn náà ò sì dùn mọ́ mi. A ò bá pè é, a ò bá fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ fún un pé ibí kọ́ ni wọ́n ń sùn.

Gudrun na fìlà pupa sí i. Volkmar dé e. Ó na àpò tuntun náà, Volkmar kò gbà á.

“Níbo ni n ó gbé e sí? Ọ̀sẹ̀ yín ló kọjá yìí. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ó di ti ẹlòmíì.” Ó wo èmi. “Bóyá tiyín ni.”

“Wọn ò ní gbé e mọ́,” ni Gudrun wí.

“Màmá, rédíò kékeré kan wà nínú ẹrù yẹn. Mo fi ń gbọ́ bọ́ọ̀lù. Ẹni tó bá fẹ́ gba rédíò yẹn lọ́wọ́ yín, ó gbọ́dọ̀ kan ilẹ̀kùn yín kọ́kọ́. Èmi ò ní ilẹ̀kùn.”

Bó ṣe sọ ọ́ nìyẹn, kò pariwo. Gudrun jókòó tì í sórí símẹ́ńtì tó dọ̀tí yẹn, ó ń sunkún, ó sì ń fi ìborùn rẹ̀ nu ojú. Mo pe Pásítọ̀ Mechthild, ó gbé ọkọ̀ wá, ó sì fi Volkmar sí yàrá tí àwọn akọrin ti ń múra, pẹ̀lú oògùn ikọ́ àti omi gbígbóná. Ó ní kó wà níbẹ̀ títí a ó fi mọ ohun tí a ó ṣe.

Gudrun ti mọ ohun tí a ó ṣe. Ìjọ ló ni ilé wa, yàrá kan sì wà nísàlẹ̀ tó jẹ́ ti olùtọ́jú ilé láyé àtijọ́. Kẹ̀kẹ́ tí kò ní táyà àti ìgò jáàmù ló kún inú rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ní omi, ó ní fèrèsé, ó sì ní ilẹ̀kùn. Ó gbé ọ̀rọ̀ náà síwájú ìgbìmọ̀ ìjọ. Gbogbo wọn fẹ́ràn Volkmar. Gbogbo wọn sì ní “ṣùgbọ́n” lẹ́nu. Èmi kì í ṣe ọmọ ìgbìmọ̀, mo kàn gbé kófí wọlé, mo sì gbàgbé láti jáde.

Bàbá Schlotterbeck ló sọ̀rọ̀ tí kò fi bò. “Mo gbé pẹ̀lú àbúrò mi fún ọdún pípẹ́, òun náà ti sùn síta rí. Mo mọ ohun tí mò ń sọ. Ẹ máa fún un ní yàrá, ẹ máa lọ sùn. Ta ló máa gbá ọ̀sẹ̀ tiẹ̀?”

“Èmi,” ni Gudrun wí. Kò jókòó láti ìgbà tó ti wọlé.

“Ìyáàfin Häfele, nínú ilé yìí ẹnikẹ́ni kì í bá ẹlòmíì gbálẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́?”

“Bẹ́ẹ̀ ni,” ó ní. Kò lè purọ́ nípa ìgbálẹ̀.

Ohun tí wọ́n wá pinnu rèé. Kí Volkmar kó wọlé. Nígbà tí pátákó bá dé ilẹ̀kùn rẹ̀, kó gbá ilé bí gbogbo wa. Bó bá mọ́ lójú Bàbá Schlotterbeck kí ilẹ̀ Sátidé tó ṣú, yàrá di tirẹ̀. Bí kò bá mọ́, kó lọ lẹ́yìn Àjíǹde. Ẹ gbọ́ mi o: ìgbìmọ̀ ìjọ Kristi jókòó, wọ́n gbàdúrà, wọ́n sì fi ìgbálẹ̀ dán èèyàn wò. Mo bínú débi pé kófí dà sí mi lára. Ṣùgbọ́n Volkmar gbà. Ó ní àdéhùn tó le ju bẹ́ẹ̀ lọ lòun ti fọwọ́ sí rí, ó ní ìgbéyàwó ni.

Ó kó wọlé. Ní ìbẹ̀rẹ̀, kì í ti ilẹ̀kùn, bí ẹni tí kò gbà pé òun lè tì í. Gudrun fún un ní rédíò. Ní ọ̀sán Sátidé, a bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ bọ́ọ̀lù láti ìsàlẹ̀, àti ohùn Volkmar tó ń bú agbábọ́ọ̀lù Stuttgart. Ìgbà tó yá, a gbọ́ kọ́kọ́rọ́ tó ń yí nínú ilẹ̀kùn rẹ̀.

Pátákó yí, ó yí, ó dé ilẹ̀kùn Volkmar. Ọ̀sẹ̀ yẹn, Gudrun kò sùn. Lọ́jọ́ Ajé ló ti ń wo ilẹ̀. Lọ́jọ́ Ẹtì ó ní kí n wá gbọ́ bóyá a ń gbọ́ ìgbálẹ̀. A ò gbọ́. Lọ́jọ́ Sátidé, ó kan ilẹ̀kùn mi ṣáájú oúnjẹ, ó tún kàn án lẹ́yìn oúnjẹ.

“Kò tíì bẹ̀rẹ̀.”

“Màmá, ẹ jókòó. Bọ́ọ̀lù ló ń gbọ́.”

“Bí ilẹ̀ bá ṣú ńkọ́?”

“Ẹ jẹ́ kó ṣú ná.”

Lẹ́yìn bọ́ọ̀lù, ìgbálẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ láti òkè, ó ń sọ̀ kalẹ̀. Gudrun fi etí lé ilẹ̀kùn mi, ó ń kà á lórí ọwọ́: àtẹ̀gùn òkè, ọwọ́ àtẹ̀gùn, fèrèsé. Ó ń mi orí. Ó gbọ́ omi. Ó gbọ́ tó gbá iwájú ilé. Lẹ́yìn náà, ariwo ìgbálẹ̀ dákẹ́.

“Kò dé abẹ́ àtẹ̀gùn,” ó ní.

“Ó dé ibẹ̀.”

“Roswitha, mo mọ bí abẹ́ àtẹ̀gùn ṣe ń dún. Kò dé ibẹ̀.”

Kí n tó dì í mú, ó ti wọlé lọ gbé garawa àti ìgbálẹ̀ tirẹ̀. Ó fẹ́ sáré gbá a kí Bàbá Schlotterbeck tó sọ̀ kalẹ̀. Ẹni tí kò lè purọ́ nípa ìgbálẹ̀ ló fẹ́ ṣe ayédèrú ìgbálẹ̀ yìí. Mo tẹ̀ lé e.

Volkmar jókòó sórí àtẹ̀gùn ìsàlẹ̀, ìgbálẹ̀ wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Gbogbo ibẹ̀ ń dán. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn agolo, níbi tó ti máa ń sùn tẹ́lẹ̀, àwọn páálí tútù wà, ẹrọ̀fọ̀ bàtà wà, àpò ike ńlá kan tí wọ́n fi bẹ́líìtì dì sì wà lórí wọn.

“Volkmar,” Gudrun ń sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́, “ilẹ̀ ti ń ṣú. Gbá ibẹ̀.”

“Mi ò lè gbá a, Màmá. Olóhun ò tíì dé.”

“Ta ni olóhun?”

“Mi ò mọ̀ ọ́n. Mo gbọ́ ikọ́ ẹ̀ lóru. Ó ti jáde kí n tó jí.”

“Sún un sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí o gbá a, kí o dá a padà.”

“Bó bá dé báyìí, kó wo inú ilé, kó má rí i níbi tó fi í sí?” Volkmar mi orí pé rárá. “Á lọ ni. Kò ní bèèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Mo mọ̀.”

A gbọ́ ìrìn Bàbá Schlotterbeck lókè. Ó ń sọ̀ kalẹ̀, ìka rẹ̀ wà lórí ọwọ́ àtẹ̀gùn. Gudrun wo ẹrẹ̀ náà, ó wo ẹrù náà, ìgbálẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo rò pé ó máa gbá a. Ó fi ìgbálẹ̀ ti ògiri, ó sì jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ Volkmar lórí àtẹ̀gùn tó tutù. Láti ọdún tí mo ti mọ̀ ọ́n, mi ò rí i kó jókòó lórí àtẹ̀gùn rí.

Bàbá Schlotterbeck dé, ó yọ́jú sẹ́yìn agolo.

“Ibí yìí ńkọ́?”

“Ẹrù èèyàn ló wà níbẹ̀,” ni Volkmar wí. “Mò ń dúró dè é.”

“Àdéhùn wa ni pé gbogbo ilé—”

“Bàbá Schlotterbeck,” ni Gudrun wí, “ibẹ̀ dọ̀tí, èmi náà rí i. Ọjọ́ tí mo gbá ibẹ̀ yẹn, kò sí ẹni tó gbálẹ̀ tó mọ́ tó bẹ́ẹ̀ nínú ilé yìí. Ẹ̀yin fúnra yín ló mi orí. Mo sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pa èèyàn.”

Bàbá Schlotterbeck dúró, ó wo bẹ́líìtì tí wọ́n fi di ẹrù náà, ó pẹ́ tó ti ń wò ó. N kò mọ̀ bóyá àbúrò rẹ̀ ló ń rò. Ó yí padà, ó gun òkè lọ, a sì gbọ́ ilẹ̀kùn rẹ̀ tó tì. Gudrun àti Volkmar kò dìde. Mo wọlé lọ gbé kófí wá fún wọn, nítorí n kò mọ ohun mìíràn tí mo lè ṣe.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, mo ṣílẹ̀kùn láti lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, nǹkan kan kọ lù mí lórúnkún. Pátákó ni. Bàbá Schlotterbeck ti gbé e kúrò ní ilẹ̀kùn Volkmar, ó wà lára tèmi.

Mo sọ̀ kalẹ̀ tèmi ti ìgbálẹ̀. Mo gbá àtẹ̀gùn, mo gbá ẹnu ọ̀nà, mo dé ẹ̀yìn agolo. Ẹrù náà ṣì wà níbẹ̀, fìlà pupa kan wà lórí rẹ̀. Mo gbálẹ̀ yí i ká, mi ò fọwọ́ kàn án.